Bébà Tí A Lẹ̀ Pọ̀ Di Ojú Màmá Mi

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó ń dáni lóhùn! Ẹ ò tíì pariwo tó o. Ẹni tó yẹ kó wà nílé kó máa ṣọ̀fọ̀ lónìí, tó wá fi bàtà gíga rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìyẹn. Ẹ yìn ín dáadáa! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀ àti Mummy wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀ fún mi. Brother tó ń mú máìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo aago yín. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí ò ṣe é gé kúrú. Bí mo bá gé e, ẹ ò ní mọ ibi tí Ọlọ́run ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, Mummy Tọ́mi ni mí. Thomas Estate, nítòsí Ajah, ni à ń gbé, mo sì ń ṣe tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé kan ní Ìgbó Ẹfọ̀n. Ọ̀dọ̀ wa ni màmá mi ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Bí ẹ bá bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, wọ́n á dá yín lóhùn dáadáa. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á bi yín pé ọmọ ta ni yín. Èmi tí wọ́n bí, Àǹtí ni wọ́n ń pè mí! Ojú wọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àfi nǹkan tó bá tóbi. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọn ò gbàgbé. Wọn ò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Bí arúgbó kan bá yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, màmá mi á kúnlẹ̀ kí i, wọn ò sì ní dìde títí ẹnì kan á fi dá wọn lóhùn. Ọkọ mi á wà ní kíṣìnì, á kàn yí ohùn padà, á ní, “O káre, dìde,” wọ́n á sì dìde. A máa ń fi rẹ́rìn-ín nílé wa.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ tó ń ta omi wọlé wá, géètì wa wà ní ṣíṣí. Èmi wà lẹ́yìnkùlé, mò ń wo bí omi ṣe ń wọ tánkì. Màmá ti wọ ìró àti bùbá wọn, wọ́n gbé Bíbélì há abíyá, wọ́n jáde. Nígbà tí mo wọlé, mo pè wọ́n, mi ò gbọ́ ohùn. Mo wo yàrá, mo wo ilé ìwẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni àgbàlagbà ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ṣùgbọ́n mo wò ó. Mo sáré dé géètì ẹsitéètì láìwọ bàtà.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní, “Madam, ṣé Màmá ni? Wọ́n ti jáde since. Mo kí wọn, wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo ṣílẹ̀kùn fún wọn.”

Mo ní, “Ẹ ò bi wọ́n níbi tí wọ́n ń lọ?”

Ó wò mí bíi pé mo bú u. “Ha, Madam! Kí n máa bi àgbà pé níbo lẹ ń lọ? Wọ́n kọ́ mi nílé o.”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Bí èmi náà ṣe kọ́ Tọ́mi nìyẹn. Ẹnu mi ò gbà á láti bá a wí. Mo kàn gbá orí mú, mo bú sáré.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ọ̀nà Ajah. Ẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lórí express yẹn, ẹ mọ bí kòtò omi ṣe pọ̀ tó, ẹ sì mọ̀ pé òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni tó ń bínú. Gbogbo ibi tí ojú mi bá ti rí omi tó dúró, mo máa ń wò ó, mo sì máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má rí nǹkan kan níbẹ̀. A wá abẹ́ bíríìjì Ajah, a wá ọjà, a dé àgọ́ ọlọ́pàá, a dé ilé ìwòsàn. A tẹ pépà kéékèèké, a ń pín in fún àwọn èèyàn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń dà á nù. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ni à ń tà! Nínú Lẹ́kí níbí, tẹ́ ẹ bá na pépà sí èèyàn, kó tó kà á, á ti ní òun ò fẹ́ ra ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ rántí, mo wá síbí. Pásítọ̀ pè mí síwájú. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, “Olúwa, níbi tí ìyá yìí bá wà, dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró!” Gbogbo yín ṣe Àmín. Ẹ foríjì mí, Pásítọ̀, èmi ò ṣe Àmín dénú. Nínú ọkàn mi, mo ní, irú àdúrà wo nìyí? Ẹni tí mo fẹ́ kó máa rìn bọ̀ wálé, ẹ ní kó dúró! Inú bí mi débi pé mi ò dúró gba ìbùkún ìparí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ẹnì kan pè. Ó ní ọkọ̀ gbá ìyá àgbàlagbà kan nítòsí Ìgbó Ẹfọ̀n. Ọkọ mi ló wa ọkọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, tí wọ́n ká aṣọ kúrò lójú ìyá náà, kì í ṣe màmá mi. Mo ní, “O ṣeun, Jésù!” Mo pariwo ẹ̀. Kí n tó pa ẹnu dé, mo rí obìnrin kan tó ń sáré bọ̀, tó ṣí orí sílẹ̀, tó ń ké “Yé! Màámi!” Ìtìjú mú mi. Títí dòní, tí mo bá rántí ọpẹ́ tí mo dá níbẹ̀ yẹn, mo máa ń bẹ Ọlọ́run fún obìnrin náà.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo ní pépà kékeré ò lè ràn wá lọ́wọ́. Ojú tó tóbi la nílò, tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á rí. A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ báńà ńlá, ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́, wọ́n ní ká padà wá tó bá yá. Tó bá yá kẹ̀? Ìyá mi wà nínú òjò! Ibẹ̀ ni mo ti rántí sọ́fúwià kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn màmá wa. Pírìńtà kékeré tí à ń lò nílé, bébà kékeré nìkan ló lè tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé àwòrán kan fún sọ́fúwià yìí, á gé e sí wẹ́wẹ́. Bébà kan á gbé etí, òmíràn á gbé imú. Á fi ààlà síbi tí ẹ máa gé, ẹ ẹ́ wá lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, á tóbi bí ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe ń ṣe erin àti kìnnìún sára ògiri kíláàsì mi nìyẹn. Àwọn ọmọ máa ń rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ló bá mi ṣe é, èmi náà kì í sọ fún wọn pé irọ́ ni.

Ìjà èmi àti ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ lórí fọ́tò tí a máa lò. Ó ní ká lo èyí tí Tọ́mi fi fóònù yà láìpẹ́. Mo wò ó. Màmá ti rù níbẹ̀, orí wọn wà láìwé, ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo ní láéláé. Mo lọ mú èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan, nígbà tí agbára ṣì wà lára wọn, gèlè dúró lórí, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn.

Ọkọ mi ní, “Mummy Tọ́mi, ẹni tí à ń wá kọ́ lo fẹ́ gbé síta yìí o.”

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé ìyá mi ni, kì í ṣe ìyá ẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Yorùbá lè sọnù, kò kàn gbọdọ̀ sọnù láìwé gèlè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Iná lọ. A tan jẹnẹrétọ̀. Gèlè jáde, ó pupa, ó ń dán. Ó ku kó kan ojú báyìí, pírìńtà dúró, ó ní íńkì aláwọ̀ ti tán. Ọkọ mi jáde lọ wá a káàkiri, kò rí irú ẹ̀ rà. Dúdú nìkan ló kù nínú ẹ̀rọ náà, iná pupa sì ti ń ṣẹ́jú lórí òun náà. Mo da èyí tó ti jáde nù, mo ní kó tẹ gbogbo ẹ̀ ní dúdú. Ó dùn mí gan-an. Mo fẹ́ kí ìyá mi yọ, wọ́n wá fẹ́ dà bí fọ́tò ayé àtijọ́.

Mo gbọ́wọ́ lé pírìńtà lórí. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ẹni tí ìyá ẹ̀ sọnù ò mọ ohun tí kò ṣe é gbọ́wọ́ lé. Mo ní, “Baba, dá mi lóhùn. Láti Sátidé ni mo ti ń pè yín, ẹ dákẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ òkúta di íńkì. Kí eléyìí ṣáà tó.” Bébà kan á jáde, màá mí. Òmíràn á jáde, màá tún mí. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí “À ń wá ìyá yìí” àti nọ́ńbà fóònù mi wà lára ẹ̀, ó jáde fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí èéfín, ẹ̀rọ sì kú. Mo fi máákà kọ nọ́ńbà náà gba orí ẹ̀. Ẹyọ pósítà kan ṣoṣo la rí mú jáde.

Mo tẹ́ àwọn bébà yẹn sílẹ̀ ní pálọ̀. Ojú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹnu wà lábẹ́ tábìlì, mi ò sì lè gé etí bébà kó tọ́. Mi ò tíì sunkún láti Sátidé. Ìgbà tí mo rí ìyá mi ní wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀ báyẹn ni omi bọ́ lójú mi, àfi kí ọkọ mi gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. Òun ló lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò mọ́.

A gbé e dé Ajah, wọn ò jẹ́ ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan. Wọ́n ní òfin ò gbà á. Mo wá rántí Alájì kan ní Jakande, tó ń ta pákó. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti ń ra pílíwúùdù tí mo ń lẹ erin mi mọ́. Alájì wo pósítà náà, ó mi orí. Ó ní, “Ìyá yín, ìyá mi ni. Ọlọ́run á fojú wọn hàn wá.” Ó fún wa ní odindi pílíwúùdù kan, a fi gọ́ọ̀mù lẹ Màmá mọ́ ọn, ó sì gbé e dúró sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, lábẹ́ òrùlé, kí òjò má bà á jẹ́.

Mo padà sílé, mo gbé fóònù lé àyà. Nígbà tó dún, mo fò sókè. Obìnrin kan ni. Ohùn ẹ̀ rọ̀, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Sister. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ọjọ́ wo ni ìsìnkú?”

Ẹ gbọ́ mi? Ìsìnkú! Fọ́tò ìyá àgbà, dúdú àti funfun, gèlè lórí, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Wọn ò ka ohun tí mo kọ sísàlẹ̀. Gbogbo Jakande rò pé màmá mi ti kú! Ẹlòmíràn tún pè, ó ń bá mi kẹ́dùn. Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Ọlọ́run, mo ní kẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ṣé èsì yín nìyí?” Ọkọ mi tí mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò, kò ní “mo sọ fún ẹ”. Ó kàn jókòó tì mí. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù, torí ọkọ mi kì í dákẹ́ tó bá jàre.

Lọ́jọ́ Túsìdé, a ti jẹun ọ̀sán tán, ká sọ pé mo jẹ ẹ́. Fóònù dún. Alájì ni.

Ó ní, “Àǹtí tíṣà, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Ìyá kan wà níbí o. Kò jọ èyí tó wà nínú fọ́tò, mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ síwájú pósítà yẹn, a ní kó dìde, ó kọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ló mú mi. Kí Alájì tó parí, mo ti wà nínú ọkọ̀.

Nígbà tí a dé Jakande, èrò ti pé. Àwọn ọmọkùnrin bíríkìlà méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, sìmẹ́ńtì wà lára wọn. Àwọn ni Màmá sùn sí sáìtì wọn. Wọ́n ní Màmá sọ pé, “Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń lọ,” àwọn náà ò sì lè máa yẹ àgbà lọ́rọ̀ wò, wọ́n fún Màmá lẹ́bà, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń mú wọn lọ wọkọ̀ ni Màmá ti rí pósítà. Bí Màmá ṣe dé Jakande láti Ajah, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní.

Màmá mi nìyẹn. Bùbá wọn ti yí ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú, orí wọn wà láìwé. Wọn ò jọ fọ́tò yẹn rárá. Kò sẹ́ni tó lè fi fọ́tò yẹn mọ̀ wọ́n láéláé, ọkọ mi jàre, mo sọ ọ́ níwájú ìjọ. Wọ́n wà lórí eékún wọn nínú iyanrìn tútù, eékún yẹn ń gbọ̀n, wọ́n sì gbójú sókè wo pósítà.

Mo ní, “Màmá! Màmá mi! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Wọn ò tiẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, “Àǹtí, ẹ ní sùúrù. Ìyé ò tíì dá mi lóhùn.”

Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá ní Ìjẹ̀bú. Ìyá wọn ni wọ́n ń wí! Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, èmi náà gbójú sókè. Ará, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa ní Ìjẹ̀bú, fọ́tò kan wà ní pálọ̀, dúdú àti funfun, ti ìyá màmá mi. Gèlè yẹn náà ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn náà ni. Íńkì tó tán, tí mo tìtorí ẹ̀ bá Ọlọ́run jà, òun ló sọ ìyá mi di ìyá ìyá mi! Ká ní ó jáde pẹ̀lú àwọ̀, wọn ì bá ti kọjá lọ. Ká ní fọ́tò tuntun ni, wọn ì bá ti kọjá lọ. Ká ní ó kéré, wọn ò ní rí i rárá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ò lè rí ìyá ẹ̀ kó má kúnlẹ̀, bó bá sì kúnlẹ̀, kò ní dìde títí ìyá á fi dáhùn. Bébà ò sì lè dáhùn. Pásítọ̀, àdúrà yín nìyẹn o! Ẹ ní kí ẹsẹ̀ wọn dúró, ó dúró!

Ṣùgbọ́n wọn ò dìde. Alájì bẹ̀ wọ́n, wọn ò dìde. Ọkọ mi yí ohùn padà bó ṣe máa ń ṣe sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, “O káre, dìde.” Màmá wò ó, wọ́n ní, “Kì í ṣe ìwọ ni mo kí.” Omi ti ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ìyé, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi dá mi lóhùn?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ mí lára. Ohun tí èmi náà ń bi Ọlọ́run láti Sátidé ni.

Mo dìde. Kí àwọn prayer warrior má bínú sí mi, mi ò bá òkú sọ̀rọ̀ o, ìyá mi tó wà láàyè ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo lọ sẹ́yìn pílíwúùdù yẹn, mo lóṣòó. Oríkì màmá mi ni Àníkẹ́. Ìyá wọn nìkan ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá yẹn ti kú, kò sí ẹni tó jù wọ́n lọ láyé tó lè pè é. Gbogbo wa, Màmá, Màmá, Grandma. Èmi tí wọ́n bí, ẹnu mi wúwo láti pè é. Ó dà bíi pé wọ́n máa gbá mi lẹ́nu.

Mo pè é. Mo ní, “Àníkẹ́. Àníkẹ́, ọmọ mi. O káre. Mo ti gbọ́. Dìde.”

Mo gbọ́ tí màmá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Mo dúpẹ́, Ìyé.” Mo yọjú. Màmá mi ti gbé ọwọ́ lé Alájì léjìká, wọ́n ń dìde.

Ẹ ṣé! Ẹ ṣé! Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Géètì wa ti ní kọ́kọ́rọ́ tuntun báyìí. Pósítà yẹn wà nílé, wọn ò gbà ká yọ ọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kí i, láràárọ̀ ni mo ń dáhùn, mo ti wá mọ ohùn náà í lò.

Ògo ni fún Ọlọ́run tó fi ìwà tí wọ́n kọ́ ọmọbìnrin kan nílé mú un dúró sí Jakande kó má bàa sọnù! Ẹ bá mi yọ̀! Màmá nìyẹn lórí ìjókòó iwájú, wọ́n wé gèlè wá. Ẹ dìde, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù.

Ẹ wò wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò wọ́n, wọ́n ti tún kúnlẹ̀. Gbogbo wa tí a dìde yìí ni wọ́n ń kí. Ẹ má wulẹ̀ gbé wọn, Sister, wọn ò ní dìde. Eékún yẹn ṣì ń dùn wọ́n. Ìjọ Ọlọ́run, ẹ ti mọ orúkọ náà báyìí. Ẹ jẹ́ ká jọ pè wọ́n, kí wọ́n lè dìde.